Afárá Carter: Ọ̀nà Ojú Ọ̀sà sí Ìsàlẹ̀ Èkó

Erékùṣù Èkó, ìyẹn ilẹ̀ tí ọ̀sà yí ká, kò ní òkè ńlá tí ọ̀nà lè gùn, nítorí náà orí omi ni ẹwà ìrìn àjò ibẹ̀ wà. Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ni àwọn èrò ń wọ̀ kí afárá Carter, tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà Gilbert Carter pè, tó so Ìddó ní òdìkejì ọ̀sà mọ́ Ìdúmọ̀tà ní erékùṣù náà ní 1901. Ní 1902, táàmù, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin kékeré inú ìgboro, bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí rẹ̀ kọjá. Afárá Third Mainland, tí wọ́n parí ní 1990, gùn jù ú lọ púpọ̀, ó sì ń sọ èrò kalẹ̀ ní Adéníji Adélé, nítòsí Ìgá Ìdúngànrán tí í ṣe ààfin Ọba Èkó. Ṣùgbọ́n afárá Carter ló kọ́kọ́ sọ Ìsàlẹ̀ Èkó, àdúgbò ààfin náà ní erékùṣù yìí, di ibi tí ẹsẹ̀ lè rìn dé láti òdìkejì ọ̀sà.