Ẹni tí ó Fi Ilé Ajigbèsè Hàn

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ bí gbèsè ti rí láàrin àwọn ènìyàn etí ọ̀sà, láti Èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú títí dé èbúté Ẹ̀pẹ́, ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé omi ni ó gbé òwò wá bá wọn, omi kan náà ni ó sì fún ajigbèsè ní ọ̀nà àsálà. Kí ọkọ̀ ojú irin àti ọ̀nà ọlọ́dà tó dé, inú ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ àti ọ̀pá tù ni aṣọ, iyọ̀, ọtí àti ìbọn ti ń kúrò ní Èkó lọ sí Ìkòròdú, tí í ṣe ẹnu ọ̀nà Rẹ́mọ àti Ìbàdàn, tàbí sí ọjà ńlá Ejìnrìn àti sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn Ìjẹ̀bú ti ń kó epo pupa, èkùrọ́ àti oúnjẹ sọ̀kalẹ̀ wá. Ọjà wọ̀nyí kì í sáábà jẹ́ ọjà olówó lọ́wọ́. Oníṣòwò òyìnbó yóò kó ẹrù fún alárinà ní Èkó, alárinà yóò pín in fún àwọn aláròóbọ̀, aláròóbọ̀ yóò gbé e kọjá ọ̀sà lọ fún ẹni tí ó ní epo lóko, gbogbo wọn yóò sì máa wo ọjọ́ tí epo yóò padà wá, nítorí pé owó ẹyọ pàápàá wúwo: ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000 ẹyọ, tó ẹrù gidi fún alágbára ọkùnrin. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹnu ni ó ń ṣe ìwé, ojú ni ó sì ń ṣe onídùúró, bí ojú bá sì ti kúrò nílẹ̀, gbogbo òwò náà di ti ẹni tí ó mọ ibi tí ojú náà sá sí.

Ẹni tí ó mọ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. A ti gbọ́ púpọ̀ nípa olówó, a sì ti gbọ́ púpọ̀ nípa ajigbèsè, ṣùgbọ́n ẹni kẹta kan wà tí ìtàn kì í fẹ́ dárúkọ: atukọ̀ tí ó gbé ajigbèsè kọjá lóru, onílé tí ó gbà á sílé, aládùúgbò tí ó nàka sí ìlẹ̀kùn. Ṣé ó dára kí ènìyàn nàka? Àwọn baba wa dáhùn ìbéèrè yìí nínú ìṣe wọn, ìdáhùn wọn kò sì rí bákan náà nígbà gbogbo.

Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun òyìnbó yin ìbọn lu Èkó tí wọ́n sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, Ẹ̀pẹ́ ni ó sá lọ pẹ̀lú àwọn ìjòyè àti ọmọ ogun rẹ̀, lára wọn ni Òṣòdì Tápà, ọkùnrin ogun, ọkùnrin òwò. Wọ́n wà níbẹ̀ títí di 1862, Ẹ̀pẹ́ sì di ìlú òwò pàtàkì tí ń bá Èkó díje. Ìwé àdéhùn tí Kòsọ́kọ́ bá Campbell, aṣojú ọba òyìnbó, ṣe ní Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854 dá lórí ọ̀rọ̀ òwò bí ó ti dá lórí ọ̀rọ̀ àlàáfíà. Kí òǹkàwé wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ó jẹ gbèsè. Bí ó bá wọkọ̀ ní Èkó lálẹ́, ilẹ̀ ọba mìíràn ni ilẹ̀ yóò mọ́ bá a, níbi tí àṣẹ aṣojú òyìnbó kò dé. Ní 1856, nígbà tí wọ́n lé Ẹfúnróyè Tinúubú, oníṣòwò ńlá, obìnrin bí ọkùnrin, kúrò ní Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ gbèsè tí àwọn oníṣòwò ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbẹ́yìn nínú ìjà náà. Láyé ìgbà náà, gbèsè lè lé ènìyàn ńlá kúrò nílùú, áńbọ̀sì aláròóbọ̀ tí kò ní ju ọkọ̀ kan lọ.

Báwo wáá ni olówó ṣe ń gba owó rẹ̀? Nínú ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní 1897, tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, sì mú jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, a rí àlàyé lórí iṣẹ́ ológò. Ẹni tí ó bá ti béèrè owó rẹ̀ títí tí ó fi sú u, kì í dá ìjà sílẹ̀, àwọn aláṣẹ ìlú ni yóò tọ̀ lọ, wọn yóò sì fún un ní ológò tí yóò lọ dógò ti onígbèsè. Ológò kì í bínú, kì í sì í tijú, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ. Yóò wọ inú agbo ilé lọ, yóò jókòó sí ibi tí ẹsẹ̀ gbogbo ń gbà, yóò máa ké gbèsè náà kí tọmọdé tàgbà lè gbọ́. Oúnjẹ tí ó bá wù ú ni yóò béèrè, bí wọn kò bá sì gbé e wá, adìẹ tàbí àgùntàn tí ó bá kọ́kọ́ kọjá ni yóò mú pa, láìbéèrè ẹni tí ó ni ín, gbogbo ìnáwó rẹ̀ ni yóò sì gun orí gbèsè. Ẹni tí wọ́n pa àgùntàn rẹ̀ kò ní bá ológò jà, ajigbèsè ni yóò dojú kọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyàwó ilé àti baálé yóò ti péjọ, wọn yóò máa ṣe kójọ-kójọ owó, nítorí ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Ó rorò, èmi kò sì ní fi oyin pa á. Síbẹ̀, ohun mẹ́ta wà nínú rẹ̀ tí mo ń wò pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn aláṣẹ ìlú ni ó rán ológò, nítorí náà wọ́n lè pè é padà. Ojú ọ̀sán ni ó ń wá, gbogbo ènìyàn sì mọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Baálé sì wà ní àárín, ẹni tí ó lè wí pé ó tó, tí ó lè tọrọ ọjọ́ fún ọmọ ilé rẹ̀, tí ó sì lè fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dúró. Ẹni tí ó bá fi ilé han ológò lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ baálé ni ó mú un lọ, kò sì ṣe é ní kọ̀rọ̀. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n àṣà mìíràn wà, Johnson náà mẹ́nu bà á, tí kò ní ọ̀wọ̀ kankan. Bí ajigbèsè bá jẹ́ ará ìlú mìíràn tí apá kò ká, olówó lè mú ará ìlú rẹ̀ tí ó bá bá pàdé lọ́jà tàbí lójú ọ̀nà, kí ó dè é mọ́lẹ̀ títí tí àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò fi fi agbára mú onígbèsè san. Ẹni ẹlẹ́ni ni yóò máa jìyà ohun tí kò jẹ. Ní ọjà etí omi, níbi tí ènìyàn Rẹ́mọ, Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti Èkó ti ń pàdé, a lè mọ ohun tí irú àṣà bẹ́ẹ̀ lè dá sílẹ̀: ilà ojú ẹni tàbí ohùn ẹnu ẹni ti tó láti fi ni hàn, ẹni tí ó bá sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé ará ìlú báyìí ni lágbájá ti ta ẹni tí kò mọ̀ rí sínú ìdè. Mo gbà pé níbí ni nínàka ti di ẹ̀ṣẹ̀. Ológò ń wá ẹni tí ó jẹ gbèsè àti ilé tí ó bí i. Ẹni tí ń mú ènìyàn lọ́jà kò wá ẹnìkan pàtó, ohun tí yóò fi dun ẹlòmíràn ni ó ń wá.

Láàrin méjèèjì ni ìwọ̀fà wà. Ẹni tí ó bá yá owó yóò fi ara rẹ̀, tàbí kí ó burú jù bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀, sin olówó. Iṣẹ́ náà sì jẹ́ èlé lásán, kò dín orí owó kù, kódà bí ó sìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ayánilówó tí kò fẹ́ ìwọ̀fà ń gba èlé tí ó mú kí wọ́n máa pe òwò wọn ní sógundógójì. Nínú gbogbo rẹ̀, onígbọ̀wọ́ ni òpó ilé. Òun ni ó jẹ́rìí nígbà tí owó kúrò lọ́wọ́, òun ni olówó kọ́kọ́ ń tọ̀ lọ bí ọjọ́ bá pé, òun ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti júwe ibi tí onígbèsè wà, nítorí pé ó ti fẹnu ara rẹ̀ gba ẹrù náà. Kò sí ẹni tí ó jí i gbé sínú ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ kí òǹkàwé rántí onígbọ̀wọ́ yìí dáadáa.

Ìjọba òyìnbó ni ó wá yí gbogbo rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1865, àwọn ọmọ ogun Glover, aláṣẹ òyìnbó ní Èkó, lé àwọn Ẹ̀gbá tí ó dó ti Ìkòròdú sẹ́yìn, nítorí òwò tí ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní oṣù Karùn-ún 1892, Ẹ̀pẹ́ ni ọmọ ogun òyìnbó gúnlẹ̀ sí kí wọ́n tó lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmagbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà ṣí, akódà kóòtù sì gba iṣẹ́ ológò. Mímú ará ìlú fún gbèsè ará ìlú di ohun èèwọ̀, ìwọ̀fà náà sì kásẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn káàkiri, tí a ń pè ní Òṣómàáló, di ìtàn mánigbàgbé nítorí pé wọ́n ń lóṣòó sí iwájú ilé onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni wọ́n lóṣòó, pẹ̀lú ojú ara wọn, níwájú ẹni tí ó gba aṣọ.

Nígbà tí ọ̀rúndún wa yìí dé, owó yíyá wọ inú fóònù, ohun tí a rò pé ó ti kú sì jí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ayánilówó orí fóònù ń yá ènìyàn lówó láìrí i, láìsí onígbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń kó gbogbo nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù rẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò dé, wọn a kọ̀wé sí ìyá ọkọ rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, àlùfáà ìjọ rẹ̀ àti ẹni tí ó ta ẹja fún un lẹ́ẹ̀kan, pé olè ni, pé kí wọ́n sọ ibi tí ó wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́ ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tí wọn kò bá jẹ, tí wọn kò bá mu. Ní oṣù Kẹjọ 2021, àjọ NITDA tí ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ ayélujára bu owó ìtanràn ₦10,000,000 lé ilé-iṣẹ́ Soko Loan nítorí irú ìwà yìí; ní 2022, àjọ FCCPC tí ń dáàbò bo oníbàárà gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn ayánilówó orí fóònù; láti ìparí oṣù Karùn-ún 2023 ni Google sì ti ka á léèwọ̀ fún wọn láti máa yẹ nọ́ńbà àti àwòrán oníbàárà wò.

Àwọn kan sọ pé ológò náà ń dójú ti ènìyàn, nítorí náà kò sí ohun tuntun nínú èyí. Èmi kò gbà. Ológò dójú ti onígbèsè níwájú àwọn tí ó lè bá a san, tí wọ́n sì lè bẹ̀bẹ̀ fún un. Ìwé orí fóònù ń dójú tì í níwájú àwọn tí kò lè ṣe nǹkan kan fún un ju kí wọ́n sá fún un lọ. Àṣà mímú ènìyàn lójú ọjà ni ó padà wá, àwa tí nọ́ńbà wa wà nínú fóònù rẹ̀ ni wọ́n sì mú. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wa kò dákẹ́: òfin ìdájọ́ ọ̀daràn ti 2015 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn, òun àti òfin ọlọ́pàá ti 2020 sì sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn lásán. Síbẹ̀, a ṣì ń rí olówó tí ń mú ọlọ́pàá lẹ́yìn lọ wá ajigbèsè, a sì ń rí aládùúgbò tí ń tẹ̀ lé wọn.

Kò tọ́ kí a tìtorí èyí máa fi ajigbèsè pamọ́. Ìyá aláwìn tí ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ náà ní ọmọ tí yóò jẹun, ẹni tí ó bá sì yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án ti bẹ́gi dínà egbèje, kì í ṣe fún ara rẹ̀ nìkan, fún gbogbo ẹni tí yóò tọrọ àwìn lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ní oṣù Kẹrin 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó dá ilé-ẹjọ́ fún gbèsè kéékèèké sílẹ̀, fún owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ, wọ́n sì là á kalẹ̀ pé kí ẹjọ́ parí láàrin 60 ọjọ́. Ìwé ìpè ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní láti dé ọwọ́ onígbèsè. Ẹni tí ó bá pè mí lórí fóònù láìsọ orúkọ tàbí ẹni tí ó rán an, tí ó ní kí n sọ ilé aládùúgbò mi, kò ní gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí akódà bá dé àdúgbò wa ní Ìkòròdú lójú ọ̀sán, tí ó fi ìwé ìpè hàn mí, n óò mú un dé ẹnu ọ̀nà, n óò kan ìlẹ̀kùn náà fúnra mi, n óò sì dúró níbẹ̀ títí aládùúgbò mi yóò fi jáde, kí ó lè rí ẹni tí ó júwe òun, kí ó sì bi mí ní ohun tí ó bá fẹ́ bi mí.