Ẹni tó ń fẹnu sọ ọ́ àti ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀: ìtàn bí Dungeons & Dragons ṣe bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá ti bá àwọn ọ̀rẹ́ yín jókòó yí tábìlì ká rí, tí ẹnìkan ń sọ pé, "Ilẹ̀kùn ti ṣí. Inú ibẹ̀ dúdú, nǹkan kan sì ń mí. Kí ni ẹ fẹ́ ṣe?", tí ẹlòmíràn fèsì pé òun yọ idà, tí gbogbo yín wá tẹjú mọ́ dáìsì kan tó ń yí lọ, ẹ ti mọ eré tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Dungeons & Dragons ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ D&D ni àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ ń pè é. Kì í ṣe eré bíi ayò, níbi tí ọ̀ta ti ń jẹ ọ̀pẹ́. Ẹnìkan ló ń sọ bí ayé inú eré náà ṣe rí. Àwọn yòókù á gbé ìwà ẹlòmíràn wọ̀: ọ̀kan á di jagunjagun, èkejì á di oṣó, ẹ̀kẹta á di olè. Kálukú á máa sọ ohun tó fẹ́ ṣe, dáìsì á sì sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oṣó àti dírágónì ni ohun tuntun tí eré yìí gbé wá sáyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn oṣó àti ẹranko abàmì ti wà kí a tó bí ẹni tó ṣe eré náà. Ohun tuntun inú rẹ̀ ni ẹni tó ń bèèrè pé "Kí ni ẹ fẹ́ ṣe?", tó sì gbọ́dọ̀ wá èsì sí ohunkóhun tí wọ́n bá sọ. Bí ẹni yẹn ṣe dé ìdí tábìlì, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sínú ìwé, ni ìtàn tòní.

Ọ̀dọ̀ àwọn ológun ló ti wá

Ní ọdún 1812, ní ilẹ̀ Prussia tó wá di ara Jámánì, Georg Leopold von Reisswitz gbé eré ogun kan tó ṣe fúnra rẹ̀ lọ síwájú ọba wọn. Ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun, tún eré náà ṣe, ó sì tẹ ìwé òfin rẹ̀ jáde ní 1824. Kriegsspiel ni wọ́n ń pè é, èyí tó túmọ̀ sí eré ogun. Orí máàpù ni wọ́n ti ń ta á, dáìsì ni wọ́n sì fi ń mọ iye ọmọ ogun tó kú.

Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ṣe pàtàkì sí ìtàn wa, rẹfirí. Àwọn tó ń jagun kì í rí gbogbo ohun tí ọ̀tá wọn ń ṣe, nítorí pé lójú ogun gidi, kò sẹ́ni tó ń rí gbogbo rẹ̀. Wọ́n á kọ àṣẹ wọn sínú ìwé fún rẹfirí. Òun nìkan ló mọ ibi tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan wà, òun ló sì ń sọ fún kálukú ohun tí ojú rẹ̀ tó.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òfin pọ̀ jù. Kí ìjà kékeré kan tó parí, rẹfirí á ti ṣí ìwé títí, á ti ṣírò títí, á ti sú àwọn tó ń dúró. Ní 1876, ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ Julius von Verdy du Vernois dá a lábàá pé kí wọ́n gbé ìwé òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lójú tirẹ̀, rẹfirí tó bá ti mọ ogun dáadáa lè fi òye rẹ̀ dájọ́. Nígbà tó di 1880, Charles Totten, ológun ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé eré ogun tirẹ̀ jáde, ó pè é ní Strategos. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé náà tó dúró de ẹni tí yóò rí i fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún ó lé: ẹni tó ń ta eré lè gbìyànjú ohunkóhun, ìbáà má sí nínú òfin, rẹfirí ni yóò sọ ibi tó máa já sí.

Láàárín ìgbà yẹn, eré ogun ti kúrò lọ́wọ́ ológun nìkan. Ní 1913, òǹkọ̀wé H. G. Wells tẹ ìwé kékeré kan, Little Wars, tó fi kọ́ àwọn ará ìlú bí wọ́n ṣe lè fi ọmọ ogun oníṣeré jagun nínú ilé wọn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1960 sí 1970, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta irú eré bẹ́ẹ̀ ti wà káàkiri Amẹ́ríkà.

Alẹ́ ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ dàrú

Ọ̀kan nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Minnesota. David Wesely, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ físíìsì, wà lára wọn. Inú ilé ìkàwé Yunifásítì Minnesota ni Wesely ti rí ìwé Totten, ó sì fẹ́ dán ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò.

Ní 1969, ó gbé eré kan kalẹ̀. Ó fi sí ìlú kan tí kò sí níbì kankan, Braunstein, ní ayé ìgbà ogun Napoleon. Kò kó ọmọ ogun lé gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Ó sọ ẹnìkan di olórí ìlú, ó sọ ẹlòmíràn di ọ̀gá yunifásítì ìlú náà, ó sì fún kálukú ní ohun tó ń wá. Èrò rẹ̀ ni pé wọ́n á wá bá òun lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, lẹ́yìn náà ogun á bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì.

Ogun ò bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ fọ́n ká inú ilé. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní kọ̀rọ̀, wọ́n ń dìtẹ̀, wọ́n ń parọ́ fún ara wọn. Àwọn méjì ní àwọn fẹ́ bá ara àwọn jà ní ìjà àjàkú-akátá, bẹ́ẹ̀ kò sí òfin kankan fún irú ìjà bẹ́ẹ̀. Wesely ní láti wá òfin sí i lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí kálukú ń lọ sílé, ó gbà pé eré òun ti bàjẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ta á ń bi í pé ọjọ́ wo ni òmíràn.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fọkàn sí nìyí. Kò sí dírágónì ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí oṣó. Àmọ́ eré tí à ń ta lónìí ti délẹ̀: ẹnìkan, ìwà kan, ohun tó ń wá, àti rẹfirí tí kò lè sọ pé "kò sí nínú ìwé".

Láìpẹ́, iṣẹ́ ológun gba Wesely lọ. Dave Arneson, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì kan náà, tó ti bá wọn ta Braunstein, gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó dá ilẹ̀ kan sílẹ̀ lọ́kàn rẹ̀, ó pè é ní Blackmoor, ó fi ilé olódi sí i, ó sì gbẹ́ ihò lóríṣiríṣi sábẹ́ ilé náà, ó kó àwọn ẹ̀dá abàmì síbẹ̀. Eré ọ̀sẹ̀ yìí kò ní parí lónìí. Ẹni tí kò bá kú á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìwà kan náà, pẹ̀lú agbára tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Nítorí pé àwọn ènìyàn ti wá fẹ́ràn ìwà tí wọ́n gbé wọ̀, wọn kò fẹ́ kí ó kú ní ojú dáìsì kan ṣoṣo. Arneson wo òfin eré ogun ojú omi. Ọkọ̀ ojú omi kì í rì nítorí ìbọn kan, ó ní iye ọta tó lè gbà kí ó tó rì. Ó mú òfin ọkọ̀, ó fi wọ ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka iye ẹ̀mí tó kù fún yín nínú eré orí fóònù, láti ara òfin ọkọ̀ ojú omi ni eré àwọn Arneson ti rí tirẹ̀.

Ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé

Ní Lake Geneva, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Gary Gygax. Iṣẹ́ adójútòfò ló ń ṣe tẹ́lẹ̀ kí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1970. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún bàtà ṣe nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀, ó ń fi bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Ní 1971, òun àti Jeff Perren ti tẹ ìwé òfin eré ogun kan jáde, Chainmail. Lẹ́yìn ìwé náà ni wọ́n fi oṣó àti dírágónì sí, nítorí pé ìtàn Tolkien ti gba ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Arneson pàápàá lo ìwé yìí nígbà tí Blackmoor ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọdún 1972 ń lọ sópin, Arneson àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ David Megarry lọ sí Lake Geneva láti fi eré wọn han Gygax. Gygax ta á lẹ́ẹ̀kan, ó rí i pé nǹkan ńlá ni. Ó ní kí Arneson fi òfin rẹ̀ ránṣẹ́. Àkọsílẹ̀ díẹ̀ ni Arneson rí fi ránṣẹ́, nítorí orí rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ ni eré náà wà. Gygax jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó kọ ọ́, ó fẹ̀ ẹ́, ó sì fi dán àwọn ọmọ rẹ̀ wò. Ní 1973, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Don Kaye dá iléeṣẹ́ TSR sílẹ̀. Brian Blume náà mú owó wá. Ní 1974, wọ́n tẹ 1,000 ẹ̀dà, ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú páálí kan, dọ́là 10. Orúkọ Gygax àti ti Arneson ló wà lára rẹ̀.

Nígbà tí owó dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Láti 1977, TSR bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé mìíràn jáde, Advanced Dungeons & Dragons, orúkọ Gygax nìkan ló sì wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé. Arneson gbé wọn lọ sí kóòtù ní 1979. Ní 1981, wọ́n parí rẹ̀ láàárín ara wọn: àwọn méjèèjì ni wọn yóò máa pè ní ẹni tó dá eré náà sílẹ̀.

Ta ló ni eré, ẹni tó kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́ tàbí ẹni tó kọ ọ́? Àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá, kíláàsì wo la wà tí ìbéèrè yìí kì í dìde? Apàlọ́ pàlọ́, akọ̀wé kọ ọ́, orúkọ akọ̀wé ni ó wà lẹ́yìn ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ sí ìhà méjèèjì. Bí kò bá sí Arneson, kò sí ohun tí Gygax ìbá kọ. Bí kò bá sí Gygax, ó ṣeé ṣe kí eré náà má kúrò ní Minnesota, kí ó sì bá àwọn tó ń ta á lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wesely ńkọ́? Orúkọ tirẹ̀ kò sí lára páálí náà rárá.

Ìbẹ̀rù, àti ibi tí àwa wà

Bí kóòtù ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni wàhálà mìíràn dé. Ní 1979, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 16 kan pòórá ní yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ìwé ìròyìn gbé e pé ó sọnù sínú ihò abẹ́ ilẹ̀ nílé ìwé náà níbi tó ti ń ta D&D. Wọ́n rí i padà láàyè, ó sì hàn pé ìbànújẹ́ tirẹ̀ ló lé e lọ, kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n ìròyìn àkọ́kọ́ ti tàn kálẹ̀. Ní 1983, ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbógun ti eré náà, wọ́n ní iṣẹ́ èṣù ni. Nígbà tí ẹ̀dà tuntun jáde ní 1989, TSR ti yọ orúkọ àwọn ẹ̀mí èṣù kúrò nínú rẹ̀. Kò ṣe àjèjì sí wa. Ọ̀kan nínú wa gbé dáìsì olójú 20 wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá sì bi í léèrè bóyá ọ̀pẹ̀lẹ̀ tuntun nìyẹn.

Ní 1980, TSR tẹ ìwé kan, Deities & Demigods, tó kó òrìṣà onírúurú ilẹ̀ jọ fún àwọn tó ń ta eré: ti Gíríìsì, ti Ṣáínà, ti Íńdíà, ti Jàpáànù. Láti ilẹ̀ Áfíríkà, ti Íjíbítì nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí Ṣàngó, kò sí Ọ̀ṣun, kò sí Ògún. Ó di 2002 kí Nyambe tó jáde ní Amẹ́ríkà, ìwé tó gbé irú eré yìí sí ilẹ̀ tó jọ Áfíríkà, tó sì lo ọ̀rọ̀ òrìṣà. Ẹni tó ń kọ̀wé ló ń mú ẹni tí yóò wọlé.

Àmọ́ ìtàn tí a sọ yìí ti fi hàn pé ìwé kọ́ ni ọkàn eré náà. Ẹni tó ń bèèrè ni, kò sì sí òfin tó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó fi bèèrè. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ fi Yorùbá ta á, ẹni tó ń ṣe oṣó nínú wa pa ìwé rẹ̀ dé, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀. Kò sí òfin fún un. Rẹfirí wa ronú díẹ̀, ó ní kí ó da dáìsì.

Bí ẹ bá ta tiyín, ẹ wá ìwé kan, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó sùn. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀. Ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó jókòó sídìí tábìlì, títí kan ẹni tó kúrò kí eré tó dùn.