Ọyẹ́ Sàhárà àti Mànàmáná Ojú Ọ̀run

Wọ́n ní kí n kọ ìtàn sínú ìwé ọdún yìí. Mo mọ̀ pé ìtàn bí wọ́n ṣe dá ilé-ìwé wa sílẹ̀ lẹ ń retí, ṣùgbọ́n ẹ ti kà á títí. Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ, ibi tó sì máa gbé wa dé jìnnà díẹ̀.

Ẹ rántí ọyẹ́ Òkè-Ògùn, bí eruku rẹ̀ ṣe ń bo páànù àti bẹ́ńṣì kíláàsì, tí ètè ń bẹ́, tí a ń wá òrí kiri. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni eruku yẹn ti ń wá. Ibẹ̀ náà, ní Reggane nílẹ̀ Àlùjíríà, ni Faransé ti yin bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960, nígbà ọyẹ́ gan-an. Bàbá mi máa ń sọ pé tìfura-tìfura làwọn fi ń nu eruku ojú fèrèsé nígbà náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o. Nígbà tí wọ́n yin ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá, òmìnira wa kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Síbẹ̀, ní oṣù kìíní 1961, ìjọba Tafawa Balewa fún aṣojú Faransé ní wákàtí 48 kó kẹ́rù rẹ̀, wọ́n sì ní kí ọkọ̀ òkun àti bàálù Faransé má yà sílẹ̀ wa mọ́. Inú mi máa ń dùn tí mo bá dé ibí yìí. Faransé tún yin ẹ̀kẹrin ní oṣù kẹrin, lẹ́yìn náà ló wá kó ìyókù sábẹ́ ilẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ní Moscow pé àwọn kò ní yin bọ́ǹbù yìí nínú afẹ́fẹ́, nínú omi àti ní ojú ọ̀run mọ́. Faransé kò fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àdéhùn láàárín àwọn tí kò fọkàn tán ara wọn, ta ni yóò ṣọ́ ọ? Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn sátẹ́láìtì Vela sókè, méjì-méjì. Ìtànṣán gámà ni wọ́n ń ṣọ́, torí bọ́ǹbù átọ́míìkì kò lè bú kó má tú u jáde. Afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kí ìtànṣán yìí tó wá láti òkè kan ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó ń wò ó fi gbọ́dọ̀ wà ní gbalasa òfuurufú.

Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1967, Vela rí nǹkan kan tó kọ mànà, tí kò sì jọ bọ́ǹbù. (Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ogun abẹ́lé tiwa.) Ó di 1969 kí Ray Klebesadel àti Roy Olson ní Los Alamos tó rí i nínú àkọsílẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n dúró de sátẹ́láìtì tó mọ àkókò dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ máa mọ ìdí rẹ̀: bí ìbọn bá dún lóru nínú ọ̀dàn, abúlé tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ló sún mọ́ ibẹ̀ jù. Bí wọ́n ṣe fi àkókò sátẹ́láìtì kan wé ti èkejì nìyẹn, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe ayé, kì í ṣe oòrùn. Ní 1973, àwọn àti Ian Strong kéde irú rẹ̀ 16. Òmíràn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, òmíràn tó nǹkan bí 30.

1973! Fọ́ọ̀mù tú la wà, à ń há òfin Newton sórí, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ní 1993, Chryssa Kouveliotou àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àkọsílẹ̀ sátẹ́láìtì Compton hàn pé oríṣi méjì ni: èyí tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, àti èyí tó jù bẹ́ẹ̀. Àwọn kúkúrú yìí ló le. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì lóru lórí òkè Àdó-Àwáyè kó sì pa á lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n wá ní kí ẹ tọ́ka sí òkúta tó dúró lé. Torí èyí ni wọ́n ṣe fi Swift sókè ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 2004, awò tó ń yí ojú ara rẹ̀ síbi tí nǹkan ti kọ mànà. Ní Malindi, ní Kẹ́ńyà, nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí, ni wọ́n ti ń gba iṣẹ́ tó ń jẹ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún 2005, ó mú kúkúrú kan. Ó yíjú láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, hóró ìtànṣán X-ray 11 péré ló sì rí. Mọ́kànlá! Òun ló tọ́ka sí ẹ̀bá agbo ìràwọ̀ arúgbó kan. Ìyẹn ló mú kí wọ́n túbọ̀ fura pé òkú ìràwọ̀ méjì tó kọlu ara wọn ló fà á, àwọn tó wúwo ju oòrùn lọ, tí ìbú wọn kò sì ju nǹkan bí 20 kìlómítà.

Ẹ̀rí dé ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2017. Ẹ̀rọ LIGO ní Amẹ́ríkà àti Virgo ní Ítálì bá wọn mọ̀ ọ́n pé irú ìràwọ̀ méjì bẹ́ẹ̀ pàdé, níbi tó jẹ́ pé 130 mílíọ̀nù ọdún ni ìmọ́lẹ̀ fi ń rìn ín dé ọ̀dọ̀ wa. Ìṣẹ́jú àáyá 1.7 lẹ́yìn náà, awò Fermi rí mànàmáná gámà kúkúrú. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú 41 ọ̀sán ni ní Nàìjíríà, ọjọ́ Tọ́sìdeè. Ẹ bi ara yín, kí lẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́? Ní tèmi, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé oorun ọ̀sán ni mo ń sùn.