Lẹ́yìn Ìjà, Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ilé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé, lẹ́yìn tí a bá ti sọ̀yà tán, ibo ni ọwọ́ wọ̀nyẹn máa ń lọ? Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyẹn nípa àwọn ẹgbẹ́ aráàlú ní Nàìjíríà: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àti ẹgbẹ́ àdúgbò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Abẹ́òkúta. Àwọn obìnrin ìlú náà ń san owó orí, ṣùgbọ́n wọn ò ní ẹnì kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin tó kàwé àti àwọn ìyá ọlọ́jà pọ̀ sínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì ń dá owó ẹgbẹ́ fúnra wọn. Ní 1947 wọ́n ya bo ààfin Aláké tàwọn ti orin. Ní 1948 Ọba Ládàpọ̀ Adémọlá kúrò nílùú, ó sì fi oyè sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ńlá ni? Síbẹ̀, 1950 ò tíì parí tí Aláké fi padà sórí oyè.

Ẹ wá wo 1993. Ìjọba ológun fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ pe aráàlú síta ní oṣù keje, Èkó pa rọ́rọ́, sọ́jà sì yìnbọn pa èèyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, Babangida gbé ìjọba sílẹ̀. Kí ọdún náà tó pé, Abacha ti gbàjọba, àwọn kan tí a mọ̀ sí ajàfẹ́tọ̀ọ́ sì ti jókòó sórí àga mínísítà rẹ̀. Ní oṣù keje 1994, NUPENG, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo, daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìbò yẹn kan náà. Epo di góòlù. Abacha tú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ká, ó sì ti Frank Kokori, akọ̀wé àgbà wọn, mọ́lé láìjẹ́jọ́ títí di 1998. Bí wọ́n ti mú orí lọ, ara ò lè dá rìn mọ́.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012 ńkọ́? Ìjọba gbé lítà epo bẹntiróòlù láti náírà 65 sí 141. Òṣìṣẹ́ àti aráàlú tú síta, ìjọba sọ ọ́ di 97, NLC dá ìyanṣẹ́lódì dúró ní ọjọ́ 16, kálukú lọ sílé. Ní 2023, ìjọba mìíràn yọ owó ìrànwọ́ epo náà dànù.

Kí ni mo rí nínú ìtàn mẹ́ta yìí? A mọ bí a ti ń dá nǹkan dúró, a ò mọ bí a ti ń ṣọ́ ohun tí a gbà. Bí ẹni tí à ń bá jà bá ti lọ, a máa ń rò pé ọ̀ràn ti tán. A sì máa ń gbé gbogbo ẹgbẹ́ lé ẹnì kan lórí.

Ọ̀ràn owó tún wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ CLO ti bẹ̀rẹ̀ ní 1987, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló ń gbára lé owó ilẹ̀ òkèèrè. Owó náà ṣe rere: ó ń gba agbẹjọ́rò fún ẹni tó wà látìmọ́lé tí kò lólùgbèjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fúnni lówó là ń jíhìn fún. Aráàlú tí kò dá kọ́bọ̀, ẹnu wo ló fẹ́ fi béèrè?

Ẹ wo àdúgbò yín. Bí tiransifọ́mà bá bàjẹ́, ẹgbẹ́ onílé ló ń dáwó. Àwa là ń gbẹ́ gọ́tà, àwa là ń sanwó ọdẹ. Mo ti jókòó ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. A máa ń ka orúkọ ẹni tí kò tíì san tirẹ̀ ketekete, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní ká lọ bi káńsù léèrè ibi tí owó tiwọn gbà. Bí a ti ń ṣe iṣẹ́ ìjọba lọ nìyẹn, tí ìjọba ń sinmi.

Àwọn ìyá Abẹ́òkúta bi ẹni tó ń gbowó léèrè bó ṣe ń ná an. Nítorí náà, ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ béèrè ìwé owó méjì: ti ẹgbẹ́ àti ti káńsù. Bí wọ́n bá bínú, ẹ má dìde. Ẹ tún béèrè lóṣù tó tẹ̀ lé e.