Ẹ̀wà Sóyà: Àlejò Tó Di Onílé

Ní 1908 ni ìjọba amúnisìn gbé ẹ̀wà sóyà wá sí oko Moor Plantation ní Ìbàdàn. Ó pẹ́ kí ó tó wọ ìkòkò ọbẹ̀ wa, nítorí kì í tètè jinná. Ní 1987, àjọ IITA, Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn ní sísè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ti wà nílẹ̀: àwọn obìnrin lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ bí ògì, wọ́n fi omi ògì kíkan mú un dì bí wàrà Fúlàní, wọ́n sì fi í ṣe irú. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ẹran, tí ó ra wàrà sóyà fún èròjà amúaradàgbà, kò jẹ oúnjẹ ìtìjú. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa ni ó ń jẹ.