TA LÓ NI ÌWÉ?
Orúkọ ẹni tó kọ ọ́, orúkọ ẹni tó sọ ọ́

Àwọn tó ń ṣètò ìwé ìròyìn yìí ní kí n mú ìtàn wá. Ìtàn tí mo mú wá dá lórí ìwé kan, àti àwọn ènìyàn tó wà nídìí ìwé náà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ orúkọ wọn. Ó yẹ ká gbọ́ ọ nísinsìnyí, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá ti pàdé la máa ń sọ pé ẹ jẹ́ ká kọ ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ wa sílẹ̀. Kí á tó mú bírò, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: bí ìwé náà bá jáde, orúkọ ta ni yóò wà lára rẹ̀?

ÌWÉ KAN, ỌWỌ́ PÚPỌ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ nǹkan nípa ìran Yorùbá, ìwé tí kò ní ṣàì tọ́ka sí ni The History of the Yorubas. Àlùfáà Samuel Johnson ni òǹkọ̀wé rẹ̀. Hastings ní Sẹ̀ráálíónì ni wọ́n ti bí i ní 1846. Ó ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó di pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní 1886, òun àti Àlùfáà Charles Phillips wà lára àwọn tí ìjọba Èkó rán lọ sí ibùdó ogun Kírìjì, láti bá Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ṣé ẹ rí i, ojú rẹ̀ tó díẹ̀ nínú ohun tó kọ.

Ó parí ìwé náà ní 1897. Ní 1899, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ìlú òyìnbó. Ìwé lọ, kò dé mọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tó jẹ́ oníṣègùn òyìnbó ní Èkó, dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1900, wọ́n ní àwọn kò mọ ibi tí ó wọlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n àwọn ṣe tán láti san owó rẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Ta ló lè díye lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Samuel kú ní 1901, kò fojú kan ìwé rẹ̀.

Obadiah kó gbogbo àkọsílẹ̀ àti àwọn ìwé jákujàku tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tún un kọ. Nígbà tó parí, ó tún fi í ránṣẹ́. Oṣù kìíní ọdún 1916 ni, ogun àgbáyé kìíní sì ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ojú omi tó gbé e, Appam, kó sọ́wọ́ ọkọ̀ ogun Jámánì lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé. Nígbà tó fi máa jáde ní 1921, Obadiah náà ti kú ní 1920. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò, kò sí èyí tó rí i.

Ẹ wá wo ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀. Orúkọ Samuel ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé. Obadiah pe ara rẹ̀ ní olóòtú. Ta ni ì bá yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò bó bá ní òun lòun kọ ọ́? Ìwé àkọ́kọ́ ti sọnù, ẹni tó kọ ọ́ ti kú, òun ló sì ṣe làálàá kejì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Samuel náà kò ṣe bí ẹni tó dá gbogbo rẹ̀ mọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó ní ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹnu àwọn arọ́kin lòun ti gbọ́ ọ. Ti ìgbà tó súnmọ́ wa, ó dárúkọ àwọn tó sọ ọ́ fún un: David Kukomi, àgbà ìjọ ní Ìbàdàn, tó ti lọ sógun rí gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun lásán, Josiah Oni, oníṣòwò tó ti rin ilẹ̀ yìí já, àti Lágunjú, Tìmì Ẹdẹ, tí gbogbo ayé mọ̀ sí òpìtàn. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Johnson dúpẹ́.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N BẸ̀RẸ̀ SÍ KA ORÚKỌ

Ní 1964, ohun méjì ṣẹlẹ̀. Ọmọ Ìkọ̀lé tiwa níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa Samuel Johnson sínú Nigeria Magazine. Ní ọdún kan náà, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Eugene Garfield gbé ìwé ńlá kan jáde tó ń ka iye ìgbà tí onímọ̀ kan dárúkọ iṣẹ́ onímọ̀ mìíràn. Jọ́náà sáyẹ́ǹsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Kí ẹni tó ń wá ìmọ̀ lè mọ ọ̀nà tí ìmọ̀ ń gbà kiri ni Garfield ṣe ṣe é. Nígbà tó yá, ó di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ènìyàn.

Ní 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, mú òmíràn wá tí wọ́n ń pè ní h-index. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí o bá ní iṣẹ́ mẹ́wàá tí wọ́n ti tọ́ka sí ìkọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà mẹ́wàá ó kéré tán, mẹ́wàá ni tìrẹ. Ẹni tó kọ ìwé ńlá kan ṣoṣo láyé rẹ̀, tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí i, ẹyọ kan náà ni h-index rẹ̀. Ẹ fi ojú yẹn wo Samuel Johnson!

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láti 2011 ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, apá kan rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, bí olùkọ́ bá fẹ́ gòkè lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á ka ìwé tó kọ, wọ́n á wo èyí tó jáde lókè òkun, bó bá sì jẹ́ pé wọ́n jọ kọ ọ́ ni, wọ́n á wo ibi tí orúkọ rẹ̀ wà. Ẹni tó ṣáájú ló sábà máa ń gba ìpín tó pọ̀ jù. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìjà orúkọ kì í tán. Àwa tí a lọ sí póli náà mọ̀ ọ́n: orúkọ márùn-ún lára pròjẹ́ẹ̀tì, ẹni méjì péré ló wọ láíbìrì. Ẹ má béèrè póli wo.

ÀWỌN TÍ ÒṢÙWỌ̀N KÒ RÍ

Níbo ni Kukomi wà nínú ìṣirò yìí? Kò sí níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń ka òǹkọ̀wé kò ka ẹni tó sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Salakọ, awo kan ní Ọ̀yọ́. William Bascom, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, gba ẹsẹ ẹẹ́rìndínlógún sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ ní 1951, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé Sixteen Cowries ní 1980. Bascom kò fi orúkọ Salakọ pamọ́, ó wà nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n Bascom ni òǹkọ̀wé, òun sì ni ìtọ́kasí ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu Salakọ ni ẹsẹ wọ̀nyẹn ti jáde.

Ohun kan ṣì wà tó kan àwa Èkìtì gan-an. Àwọn tí Johnson dárúkọ wọ̀nyẹn, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ẹdẹ ni wọ́n ti wo ayé. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé ojú Ọ̀yọ́ ló pọ̀ nínú ìwé náà. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó di 1971 kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébánjí Akíntóyè, ọmọ Adó-Èkìtì, tó gbé ìwé ńlá jáde lórí Èkìtìparapọ̀ àti ogun yẹn. Láàárín 1921 sí 1971, àádọ́ta ọdún gbáko nìyẹn. Mélòó nínú àwọn tó gbọ́ ìró Kírìjì létí ara wọn ló ti kú láàárín ìgbà náà láìsí ẹni tó bi wọ́n léèrè? Dídárúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ kọjá ìdúpẹ́. Òun ló ń jẹ́ kí òǹkàwé mọ ẹni tí wọ́n bi, àti ẹni tí wọn kò bi.

Ayé ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe. Àwọn jọ́náà kan ti ń lo ètò tí wọ́n ń pè ní CRediT, tó pín iṣẹ́ ìwádìí sí ọ̀nà 14: ta ló ro èrò náà, ta ló wá owó, ta ló kó ọ̀rọ̀ jọ, ta ló kọ ọ́, ta ló tún un kọ. Ó dára. Àmọ́ ẹ padà wo ìwé Johnson: arọ́kin, Kukomi, Oni àti Lágunjú sọ ọ́, Samuel kọ ọ́, Obadiah tún un kọ. Gbogbo wọn ló wà lákọsílẹ̀ láti 1921.

ẸGBẸ́ WA ŃKỌ́?

Ìdí tí mo fi mú ìtàn yìí wá nìyí. Bí a bá fẹ́ kọ ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ wa, ìwé ìjọba nìkan kò tó. Àwọn tó mọ ẹni tó yọ̀ǹda ilẹ̀, àwọn tó ru omi àti yanrìn nígbà ìkọ́lé, ìyá tó ń se oúnjẹ, bàbá tó ń ṣọ́ ọgbà lóru, àwọn ni arọ́kin tiwa. Wọ́n ti dàgbà. Mo bẹ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pé kí ìwé náà ní ojú ewé kan níwájú, níbi tí a ó ti kọ orúkọ gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀, ìlú rẹ̀, ohun tó sọ, àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Kí ẹni tó kọ ọ́ jẹ́ òǹkọ̀wé, kí ẹni tó tún un ṣe jẹ́ olóòtú, kí a má sì fi orúkọ alága sórí iṣẹ́ tí kò bá wọn ṣe.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì wá bi ìyá tàbí bàbá yín léèrè ọ̀rọ̀ ní Ìlógbò, ní Ìdó tàbí ní Ọ̀yẹ́, ẹ gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé orúkọ àgbà náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé rẹ̀, bí àgbà náà bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Kí Ọlọ́run dá wa sí di àpéjọ ọdún tó ń bọ̀. Ẹ wá bá wa pẹ̀lú ìtàn yín, ẹ má sì gbàgbé láti sọ ẹni tó sọ ọ́ fún yín.