"Máa lọ níwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ": kí ló yẹ kó tẹ̀ lé e?

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Python fúnra mi. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orí loop ló ń kú sí. Gbogbo ibi tí mo ti fẹ́ kọ́ ọ ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé: "Máa lọ níwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ." Mo lọ o, mi ò débì kankan. Mo wá ní kí n wádìí ọ̀kan lára àwọn tó gbé irú ẹ̀kọ́ yìí kalẹ̀.

2/ Fred Keller lorúkọ ẹ̀, olùkọ́ ni ní Yunifásítì Columbia, New York. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, iṣẹ́ tẹligíráàmù ló ṣe. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wá ọ̀nà tuntun tí àwọn sójà Amẹ́ríkà á fi kọ́ Morse code. Wọ́n á ta àmì kan, sójà á kọ ohun tó rò pé ó jẹ́, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á sì sọ ìdáhùn fún un. Kò ní dúró dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti ṣì í.

3/ Ó di 1963. Wọ́n fẹ́ dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ìhùwàsí èèyàn sílẹ̀ ní Yunifásítì Brasília, ní olú-ìlú tuntun tí Brazil ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní 1960. Àwọn mẹ́rin ló jókòó ro ó: Keller àti Gilmour Sherman láti Amẹ́ríkà, Carolina Bori àti Rodolpho Azzi tí wọ́n jẹ́ ará Brazil.

4/ Ní 1964 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Ọdún yẹn gan-an làwọn ológun gbàjọba níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí 1965, ju 200 olùkọ́ lọ ti kúrò ní yunifásítì yẹn. Keller àti Sherman ti gbé ètò náà lọ sí Arizona. Ní 1968, Keller kọ àpilẹ̀kọ kan nípa ẹ̀, ó pè é ní "Good-bye, Teacher…"

5/ Orúkọ yẹn ló tan gbogbo wa jẹ. A rò pé ó ní ká lé olùkọ́ lọ, kí kálukú máa ṣe tiẹ̀. Rárá o! Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀:

• Ó gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, 30 ní Arizona.
• O ò ní kan èyí tó kàn àfi tó o bá mọ ti ọwọ́ ẹ dáadáa.
• Tó o bá féèlì, kò sí ìyà, wàá lọ kà á sí i, wàá padà wá.
• Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti mọ iṣẹ́ náà á jókòó tì ẹ́, á máàkì ẹ̀ lójú ẹ, á sì bi ẹ́ léèrè.

6/ Ìwọ̀n ẹsẹ̀ tìẹ ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan ń wo ẹsẹ̀ ẹ. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, ìṣòro kan ò kúrò: àwọn tí kò ní gbèdéke ń sún iṣẹ́ síwájú, àwọn míì sì sá lọ láàárín ọ̀nà. Torí náà, kì í ṣe pé orí èmi nìkan ló kú.

7/ Ẹ sáré tẹ̀ lé mi wá sí 2012. CS50, ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà ti Harvard, bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ju 150,000 lọ. Àwọn tó gbàwé-ẹ̀rí kò tó 1,500. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ kàn fẹ́ yọjú wò ó ni. Àmọ́ èmi mọ irú èèyàn tó fẹ́ parí ẹ̀ tọkàntọkàn tí kò parí ẹ̀. Èmi ni.

8/ Ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa. Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ta ló ń gbé aṣọ oníbàárà fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní? Á kọ́kọ́ ran àkísà. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣáájú ẹ̀ ló máa wò ó, á ní "tú u, tún un rán."

9/ Ètò tèmi tuntun rèé, ẹ lè jí i:

• Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀, Àbámẹ́ta. Wákàtí kan péré. Bí kò bá síná, bébà àti bírò.
• Ẹ̀kọ́ kékeré kan lọ́sẹ̀. Variable. Lẹ́yìn ẹ̀, if. Lẹ́yìn ẹ̀, loop.
• Ìdánwò máa ń wà ní Àbámẹ́ta, láìwo fídíò. Ti loop: kọ kódù tó máa ṣírò owó àjọ èèyàn mẹ́wàá, kó sì sọ ẹni tí kò tíì san.
• Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti mọ̀ ọ́n á nawọ́ sí ìlà kan, á ní "kí lèyí ń ṣe?" Tí mi ò bá lè sọ ọ́, ọ̀sẹ̀ yẹn á tún un ṣe.

10/ Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lórí loop. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọjá ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Tó o bá ń kọ́ ọ níwọ nìkan, wá ẹni tó máa bi ẹ́ léèrè kó o tó ra dátà míì. Tó ò bá rí ẹnì kankan, fèsì sísàlẹ̀ ibí, ká jọ máa bira wa.